Nicodemus: Èèyàn 14 Ló Ń Gbé Níbẹ̀, Ọ̀pọ̀ Ọgọ́rùn-ún Ló Ń Pè É Nílé

Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ lójú títì 24 ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lè kọjá ìlú Nicodemus kó má tiẹ̀ mọ̀ pé òun ti kọjá ìlú kan. Ilé díẹ̀ ló wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ méjì, gbọ̀ngàn kan tí wọ́n fi òkúta kọ́, àti oko àlìkámà tó lọ súà títí ojú ò fi rí òpin rẹ̀ mọ́. Kò sí iléèwé tó ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí ìjọba ka èèyàn lọ́dún 2020, èèyàn 14 ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìdílé kan ṣoṣo tó bí dáadáa lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ tó bá ti ku díẹ̀ kí oṣù July parí lọ́dọọdún, ojú ìlú náà máa ń yí pa dà. Ọkọ̀ á máa wọlé láti Denver, láti Topeka, láti Kansas City, àní láti California tó jìnnà gan-an. Àwọn àgbàlagbà á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa nawọ́ sí ibi tí ilé ìyá-ìyá wọn wà nígbà kan. Àwọn ọmọdé tí wọn ò tíì débẹ̀ rí á máa béèrè pé èwo ni mọ̀lẹ́bí àwọn nínú gbogbo èrò yìí. Ìdáhùn rẹ̀ ò ṣòro: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni.

Báwo ni ìlú tí èèyàn 14 ń gbé ṣe wá ní ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn odi? Kí ló lé wọn lọ, kí ló sì ń fà wọ́n wálé? Ká tó lè mọ̀, àfi ká pa dà sí ọdún 1877.

Òmìnira tí kò ní ilẹ̀

Ogun abẹ́lé tí wọ́n jà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1861 sí 1865 ló fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Kentucky, òmìnira náà tiẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Ìkéde òmìnira tí Ààrẹ Abraham Lincoln ṣe lọ́dún 1863 ò kan Kentucky, torí pé ìpínlẹ̀ náà ò sí lára àwọn tó ya kúrò lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ìgbà tí wọ́n tún òfin ilẹ̀ náà ṣe lóṣù December 1865 ni àwọn tó ṣì wà lóko ẹrú níbẹ̀ tó dòmìnira lábẹ́ òfin.

Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ká dòmìnira, ọ̀tọ̀ ni ká rọ́wọ́ mú. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adúláwọ̀ yìí ò ní ilẹ̀ kankan. Orí ilẹ̀ àwọn tó jẹ́ ọ̀gá wọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n pa dà lọ ń dáko. Wọ́n á gé lára irè oko fún onílẹ̀, wọ́n á ra irúgbìn àti oúnjẹ láwìn, tó bá sì fi máa di ìparí ọdún, gbèsè ló máa ń kù sí wọn lọ́rùn. Lóru, àwọn ẹgbẹ́ apániláyà bíi Ku Klux Klan á ya wọ ilé wọn, wọ́n á lù wọ́n, wọ́n á dáná sunlé, wọ́n sì ń pa àwọn míì. Lọ́dún 1877, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn sójà tó kù tó ń ṣọ́ ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ wá rí i pé kò sẹ́ni tó máa gba àwọn sílẹ̀ mọ́, àfi káwọn gba ara àwọn.

Ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀. Lọ́dún 1862, ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe òfin kan tó sọ pé ẹni tó bá jẹ́ olórí ìdílé, ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, lè gba ilẹ̀ tó tó 160 éékà níhà ìwọ̀-oòrùn. Owó ìforúkọsílẹ̀ díẹ̀ ni yóò san. Tó bá kọ́lé síbẹ̀, tó dáko, tó sì gbé orí ẹ̀ fún ọdún 5, ilẹ̀ náà di tiẹ̀. Ilẹ̀ 160 éékà tó nǹkan bíi 90 pápá bọ́ọ̀lù. Fún ẹni tí wọ́n ti tà rí bí ẹni ta ẹran, ọ̀rọ̀ yìí dà bí àlá.

Kò yẹ ká gbàgbé pé ilẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe ilẹ̀ tí ò lólówó. Ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ìjọba ló lé wọn kúrò níbẹ̀. Àwọn ará Nicodemus náà máa tó mọ ọmọ ìbílẹ̀ tó jẹ́ aládùúgbò rere.

Ìlérí orí bébà

Lóṣù April 1877, àwọn ọkùnrin mélòó kan dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ kí wọ́n lè tẹ ìlú dó lẹ́bàá odò Solomon ní Kansas. W. R. Hill, òyìnbó kan tó ń ṣòwò ilẹ̀, wà lára wọn. W. H. Smith, tó jẹ́ adúláwọ̀, ni ààrẹ. Àlùfáà Simon Roundtree ni akọ̀wé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Roundtree ni pé nígbà tó ṣì jẹ́ ẹrú, ọmọ ọ̀gá ẹ̀ kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n fi irin gbígbóná sàmì sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nicodemus ni wọ́n pe ìlú náà. Àwọn kan sọ pé orúkọ Nikodémù inú Bíbélì ni. Àwọn míì sọ pé orúkọ ẹrú kan ni, ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́ ọmọ ọba láti ilẹ̀ Áfíríkà, tó sì fi owó ra ara ẹ̀ pa dà. Èyí tó wù kó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, orúkọ náà wọ àwọn èèyàn lọ́kàn.

Wọ́n tẹ bébà ìpolongo, wọ́n sì ń pín in fáwọn adúláwọ̀. Hill fúnra ẹ̀ lọ sí Kentucky, ó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì kan bọ́ sí òmíì. Ó sọ fún wọn pé ilẹ̀ náà lọ́ràá, pé ẹran ìgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀, pé ẹṣin tí ò lólówó pàápàá wà tí èèyàn lè mú kó sì fi ṣiṣẹ́ oko. Tí èèyàn bá san dọ́là 5, ó ti ní ìpín nínú ìlú tuntun nìyẹn. Àwọn tó ń gbọ́ ọ wo ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì wo ibi tí wọ́n ń júwe fún wọn. Wọ́n ta ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n ní.

Lóṣù September 1877, àwọn tó lé ní 300 wọ rélùwéè láti agbègbè Lexington ní Kentucky. Tọkọtaya wà níbẹ̀, ìyá àgbà wà níbẹ̀, aboyún àti ọmọ ọwọ́ náà sì wà níbẹ̀.

Èéfín tó ń jáde látinú ilẹ̀

Ìlú Ellis ni rélùwéè já wọn sí. Láti ibẹ̀ dé Nicodemus tó kìlómítà 56, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi rìn ín, nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ibi tí wọ́n dé ò jọ ohun tí wọ́n kà nínú bébà. Kò sí ilé. Kò sí sọ́ọ̀bù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí igi kankan tí wọ́n lè fi kọ́lé. Koríko lásán ló wà níbẹ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ síwá sẹ́yìn.

Inú bí wọn. Wọ́n ní ṣe ni Hill ní láti sá pamọ́ fúngbà díẹ̀ kí wọ́n má bàa fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ò tiẹ̀ tú ẹrù, wọ́n yí pa dà. Àmọ́ èyí tó pọ̀ nínú wọn ò ní owó tí wọ́n máa fi wọkọ̀ pa dà, àwọn míì ò sì fẹ́ pa dà. Wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Ihò ni wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè kéékèèké, wọ́n fi ẹ̀ka igi àti koríko bo orí ẹ̀, inú ẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú ẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń dáná.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1878, àwọn míì tún dé. Willianna Hickman, ìyàwó àlùfáà kan láti Georgetown ní Kentucky, wà lára wọn. Nígbà tó darúgbó, ó sọ bọ́jọ́ yẹn ṣe rí. Àwọn ọkùnrin ń pariwo pé àwọn ti rí Nicodemus, òun náà ń wò, àmọ́ kò rí ilé kankan. Ó béèrè pé ibo ló wà. Ọkọ ẹ̀ nawọ́ sí èéfín tó ń jáde látinú ilẹ̀, ó ní Nicodemus nìyẹn. Inú ihò làwọn èèyàn ń gbé. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti bú sẹ́kún.

Síbẹ̀, Willianna ò pa dà. Òun àti ọkọ ẹ̀ dúró lágbègbè náà, wọ́n sì dáko.

Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ló le jù. Wọ́n ti dé lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n máa ń gbin nǹkan, torí náà kò sí irè oko kankan. Igi ìdáná ò tó. Igi òdòdó oòrùn tó ti gbẹ àti ìgbẹ́ ẹran tó ti gan ni wọ́n ń dá iná sí. Ìtàn tí àwọn ọmọ wọn ń sọ títí dòní ni pé nígbà tí ebi fẹ́ pa wọ́n kú, àwọn ọdẹ ẹ̀yà Osage tó ń ti oko ọdẹ bọ̀ fún wọn lára ẹran tí wọ́n pa. Àwọn aṣáájú ìlú náà lọ sí apá ìlà-oòrùn Kansas láti lọ bẹ̀bẹ̀ fún oúnjẹ, aṣọ àti irúgbìn, àwọn èèyàn sì ràn wọ́n lọ́wọ́.

Nígbà tó tó àkókò láti gbin nǹkan, ẹṣin tó wà ní gbogbo ìlú ò ju bíi mélòó kan lọ. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni ọ̀pọ̀ fi tú ilẹ̀ tí gbòǹgbò koríko ti so pọ̀ bí ẹní. Àwọn ọkùnrin kan rìn lọ síbi tó jìnnà láti wá iṣẹ́ gbà. Àwọn ìyàwó àti ọmọ ló dúró ti ilẹ̀, torí òfin sọ pé ẹni tí ò bá gbé orí ilẹ̀ náà ò ní í ní in. Nínú ọ̀kan lára àwọn ihò yẹn, Jenny Fletcher, ìyàwó Zachary Fletcher, kó àwọn ọmọ jọ, ó sì ń kọ́ wọn ní ìwé. Lára àwọn òbí ọmọ yẹn, àwọn kan wà tí ọ̀gá wọn ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìwé rí.

Nígbà tí ìlú gbilẹ̀

Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìlú kúrò nínú ihò. Wọ́n ń gé ilẹ̀ tí koríko ti hu lé bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń tò ó lé ra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fa òkúta ẹfun yọ látinú ilẹ̀ àdúgbò, tí wọ́n fi ń kọ́lé. Zachary Fletcher di ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́, òun àti ìyàwó ẹ̀ sì ṣí òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní St. Francis. Ìjọ Onítẹ̀bọmi àti ìjọ AME kọ́lé tiwọn. Sọ́ọ̀bù ń pọ̀ sí i, báńkì dé, ẹgbẹ́ eléré bọ́ọ̀lù aláfigigbá bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1886, ìlú náà ní ìwé ìròyìn tiẹ̀, Western Cyclone. Ọdún tó tẹ̀ lé e, èkejì dé, ìyẹn Nicodemus Enterprise. Adúláwọ̀ nìkan kọ́ ló ń gbé ibẹ̀ o. Àwọn òyìnbó oníṣòwò náà wá ṣí sọ́ọ̀bù sáàárín wọn, torí wọ́n rí i pé ọjà ń tà.

Ọ̀kan lára àwọn tó wá síbẹ̀ lọ́dún 1878 ni Edward McCabe, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ̀wé. Ó di akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ Graham tí Nicodemus wà. Lọ́dún 1882, gbogbo ìpínlẹ̀ Kansas dìbò, wọ́n sì yan McCabe gẹ́gẹ́ bí ayẹ̀wé-owó-wò fún ìpínlẹ̀ náà. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò tó kárí ìpínlẹ̀ yẹn. Wọ́n tún yàn án lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún 1884. Ọdún 17 péré ṣáájú ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ yàn án ni òfin ilẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí oko ẹrú.

Rélùwéè tí kò wá

Ohun kan ló kù tí Nicodemus ò ní, ìyẹn rélùwéè. Nígbà yẹn, rélùwéè ni ìyè ìlú. Òun ló ń gbé àlìkámà lọ sọ́jà, òun ló ń kó igi, èédú àti ọjà wálé, òun ló sì ń gbé àlejò wá. Ìlú tí rélùwéè bá kọjá, àfi kí àgbẹ̀ ibẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin ru irè oko ẹ̀ lọ sí ìlú míì, kí owó tó yẹ kó jẹ́ èrè sì pòórá sójú ọ̀nà.

Lóṣù March 1887, àwọn ará Nicodemus dìbò pé àwọn máa jẹ gbèsè dọ́là 16,000 láti fi ran ilé iṣẹ́ rélùwéè Missouri Pacific lọ́wọ́, kó lè gbé ojú irin gba ìlú wọn. Owó ńlá ni lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ihò. Ẹni tó da omi síwájú ló ń retí àtitẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn oníṣòwò kọ́ ilé tuntun, ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ lóòrèkóòrè pé ọjọ́ ọ̀la ti dé.

Missouri Pacific ò wá. Lọ́dún 1888, rélùwéè Union Pacific ló wá sí àdúgbò náà, àmọ́ òdì kejì odò, níhà gúúsù, ni ojú irin tiẹ̀ gbà, ní kìlómítà bíi mélòó kan sí Nicodemus. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè pàgọ́ sí ló di ìlú tí wọ́n ń pè ní Bogue lónìí.

Àwọn oníṣòwò ò dúró. Wọ́n ti sọ́ọ̀bù, wọ́n kó lọ sí Bogue. Àwọn kan tiẹ̀ tú ilé wọn palẹ̀, wọ́n sì kó o dání. Western Cyclone dákẹ́ lọ́dún yẹn kan náà. McCabe náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó kọjá lọ sí Oklahoma, ó lọ ń bá àwọn adúláwọ̀ tẹ ìlú míì dó. Ní ti Hill, ìlú míì tó tẹ̀ dó, tó sì fi orúkọ ara ẹ̀ pè, ìyẹn Hill City, ló wá di olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Graham títí dòní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ìlú tí rélùwéè pa ni pé oníṣòwò ló lọ, àgbẹ̀ ò lọ. Àwọn tó ti fi ọdún 5 gbé orí ilẹ̀ ti gba ìwé ilẹ̀ wọn. Ìwé yẹn ni ohun tí wọ́n torí ẹ̀ kúrò ní Kentucky, rélùwéè ò sì lè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Bí èèyàn ṣe ń dín kù

Ọdún lọ, ọdún bọ̀. Àwọn ìdílé tó kù ń bí sí i, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n ń ra ilẹ̀ sí i. Lọ́dún 1907, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tuntun. Lọ́dún 1918, wọ́n kọ́ iléèwé tuntun dípò èyí tó jóná. Títí di ìgbà yẹn, ọmọ ṣì pọ̀ tó tí iléèwé fi wúlò.

Ìyà tó wá lẹ́yìn ìgbà yẹn le. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, òjò kọ̀, ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà sì dẹnu kọlẹ̀. Atẹ́gùn ń gbé iyẹ̀pẹ̀ oko lọ sókè ọ̀run bí ìkùukùu dúdú, oòrùn ọ̀sán á sì ṣókùnkùn. Lọ́dún 1935, èèyàn tó kù nílùú náà jẹ́ 76. Iṣẹ́ kan tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti fi fún àwọn tí ò níṣẹ́ lówó ló mú kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìlú lọ́dún 1939. Òkúta àdúgbò ni wọ́n fi kọ́ ọ, gbọ̀ngàn náà sì ń dúró títí dòní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ológun, àwọn míì lọ sí ilé iṣẹ́ ńláńlá nílùú, wọ́n sì rí i pé owó tó ń wọlé níbẹ̀ ju ti oko lọ. Kátakátá àti ẹ̀rọ ìkórè náà dé. Oko tí ìdílé mẹ́wàá ń ro tẹ́lẹ̀, ìdílé kan wá lè ro ó tán. Nígbà tó fi máa di ọdún 1950, èèyàn tó kù ní Nicodemus ò ju 16 lọ. Wọ́n ti ilé ìfìwéránṣẹ́ pa lọ́dún 1953. Lọ́dún 1960, wọ́n ti iléèwé.

Òbí tó bá ti rí iléèwé tí wọ́n tì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ìdílé tó lọ́mọ á wá ibi tí iléèwé wà lọ, àwọn tọkọtaya tuntun ò sì ní í wá. Kì í ṣe Nicodemus nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí o. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Graham, pẹ̀lú gbogbo ìlú tó wà níbẹ̀, èèyàn 2,415 ló kù síbẹ̀ nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké tí àwọn òyìnbó tẹ̀ dó lágbègbè náà lásìkò kan náà ti pa rẹ́ pátápátá, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ orúkọ wọn mọ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí ìlú náà pa rẹ́

Kí ló dé tí Nicodemus ò bá wọn pa rẹ́? Ohun àkọ́kọ́ ni ọdún òmìnira. Látìgbà tí ìlú ti wà ní kékeré ni wọ́n ti ń ṣàjọ̀dún òmìnira kúrò lóko ẹrú nígbà tí oṣù August bá fẹ́ wọlé. Abẹ́ igi lóko ìdílé Scruggs ni wọ́n ti máa ń pé jọ. Wọ́n á jẹun, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á ja ẹ̀ṣẹ́, àwọn ọmọdé á gun ẹṣin onígi tó ń yípo. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílùú, wọn ò pa ayẹyẹ náà tì. Ṣe ni wọ́n sọ ọ́ di ọjọ́ ìpadàbọ̀sílé. Ìparí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn lóṣù July ni, ẹni tó bá wà ní Denver mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá wà ní California náà mọ̀ ọ́n. Odò tó bá gbàgbé orísun ẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.

Ohun kejì ni àwọn tó kọ̀ láti jẹ́ kí ìtàn náà kú. Lọ́dún 1976, ìjọba ka Nicodemus sí ibi mánigbàgbé nínú ìtàn orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 1988, Angela Bates, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ìlú náà, dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ìtàn Nicodemus sílẹ̀. Òun àti àwọn míì ń kọ̀wé, wọ́n ń lọ bá àwọn aṣòfin. Lóṣù November 1996, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà àti ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó sọ Nicodemus di ibi ìtàn tí Àjọ Ọgbà Ìtura Orílẹ̀-èdè ń bójú tó. Ilé márùn-ún ni òfin náà dárúkọ: gbọ̀ngàn ìlú, òtẹ́ẹ̀lì St. Francis, iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì méjèèjì. Gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ nígbà ìyàn ni àwọn òṣìṣẹ́ ti wá ń gba àlejò.

Ohun kẹta ni ilẹ̀. Àwọn ìdílé kan ò ta ti wọn. Àpẹẹrẹ kan ni Veryl Switzer, tí wọ́n bí ní Nicodemus lọ́dún 1932. Bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ti Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di olókìkí. Lọ́dún 1954, ẹgbẹ́ Green Bay Packers mú un, òun sì ni ẹni kẹrin tí wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo eléré tuntun ọdún yẹn. Lẹ́yìn náà, ó pa dà sí yunifásítì ìpínlẹ̀ Kansas, ó sì ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo òkìkí yẹn, kò jáwọ́ nínú oko ìdílé ẹ̀ ní Nicodemus. Ọdún 2022 ló kú.

Ta ni yóò dúró ti ilẹ̀?

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì kù. Àlejò lè wá wo ilé àtijọ́, àmọ́ àlejò ò lè gbé ibẹ̀. Ìjọba lè tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, àmọ́ ìjọba ò lè bí ọmọ tó máa jókòó sínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pè é nílé ló jẹ́ pé ìlú ńlá ni wọ́n ti kàwé, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tọ́mọ. Ká ní kí ìdílé kan kó ọmọ mẹ́ta lọ síbi tí ò ní iléèwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti sọ.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé bí ilẹ̀ bá ti ń ti ọwọ́ baba bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, bó ṣe ń ti ọwọ́ ọmọ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ-ọmọ, àwọn tó ni ín á máa pọ̀ sí i, àwọn tó mọ ààlà ẹ̀ á sì máa dín kù. Ọmọ tí ò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí lè tà á lọ́jọ́ kan láìmọ ohun tí wọ́n fi rà á. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn ò fi dọ́là rà á. Ìrìn ọjọ́ méjì láti Ellis, òtútù inú ihò àti ọkọ́ tí wọ́n fi fọ́ ilẹ̀ líle ni wọ́n fi rà á.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ò fi fojú kékeré wo ìparí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo yẹn lọ́dún. Kì í ṣe torí ijó àti oúnjẹ nìkan. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń mú ọmọ lọ sí itẹ́ òkú, tí wọ́n á fi orúkọ tó wà lára òkúta hàn án, tí wọ́n á sọ fún un pé orúkọ tó ń jẹ́ níléèwé nìyí, ibí ló ti wá. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, àmọ́ ọmọ tí wọn ò bá fi ilé hàn, ibo ni yóò bọ̀ sí?

Tó bá di ọjọ́ Monday, ọkọ̀ á ti lọ tán. Títì 24 á pa rọ́rọ́, èèyàn 14 á sì kù níbẹ̀. Ohun tí ìjọba máa ń kà nìyẹn. Àwọn tí Willianna Hickman àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bí kò ṣeé kà ní Nicodemus, torí wọ́n ti fọ́n ká gbogbo Amẹ́ríkà. Àmọ́ bí July bá tún dé, wọ́n mọ ọ̀nà ilé.